Ògiri Aṣeésún: Ọ̀rọ̀-ìperí fún Pípín Gbọ̀ngàn Ńlá àti fún Dídènà Ìró

Ìfáárà

Kò wọ́pọ̀ kí gbọ̀ngàn ńlá kún lójoojúmọ́. Ilé ìjọsìn tí ó gba 1,000 ènìyàn ní ọjọ́ Ìsinmi lè má rí ju 40 lọ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Gbọ̀ngàn tí ilé-ẹ̀kọ́ kọ́ fún ìdánwò lè wà lófìfo láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà títí ìdánwò yóò fi dé. Ọ̀nà kan tí àwọn akọ́lé gbà yanjú ìṣòro yìí ni ògiri tí a lè fà jáde nígbà tí a bá fẹ́ sọ gbọ̀ngàn kan di méjì tàbí mẹ́ta, tí a sì lè kó jọ sí kọ̀rọ̀ nígbà tí a bá fẹ́ kí ó tún di ọ̀kan. Irú ògiri bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àjèjì mọ́ ní ilé ìtura àti ní gbọ̀ngàn ayẹyẹ, ṣùgbọ́n orúkọ tí a ń pè é kò tíì fẹsẹ̀ múlẹ̀. Pátíṣàn ni ọ̀pọ̀ gbẹ́nàgbẹ́nà ń pè é, orúkọ yìí kan náà sì ni wọ́n ń pe pákó pẹlẹbẹ tí wọ́n fi pín ṣọ́ọ̀bù sí méjì.

Ewu tí ó wà nínú àìsí orúkọ yìí kọjá ti inú ìwé. Bí olùkọ́ tàbí ògbufọ̀ bá sọ pé ògiri kan “ń pa ariwo”, ẹni tí ó gbọ́ ọ lè gbà pé ariwo yàrá kejì kò ní wọlé. Ẹlòmíràn lè gbà pé ariwo inú yàrá tirẹ̀ ni yóò rọlẹ̀. Ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, ohun èlò méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni a sì fi ń ṣe wọ́n. Ìjọ tàbí ilé-ẹ̀kọ́ tí ó bá ra fóòmù rírọ̀, tí ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ pákó tín-ínrín nítorí pé ó fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ariwo kíláàsì kejì, ti ná owó rẹ̀ sí ibi tí kò yẹ, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí kò gún ni ó sì fa á. Ìdí nìyí tí iṣẹ́ yìí fi gbé ẹ̀kọ́ nípa ìró àti ìwádìí ọ̀rọ̀-ìperí rìn pọ̀.

Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú ìwé kìíní rẹ̀ ní 1984, tí Ọládélé Awóbùlúyì sì ṣe olóòtú ìwé kejì ní 1990, dá lé ẹ̀kọ́ èdè, lítíréṣọ̀ àti ìlànà ìkọ́ni. Kò sí ìdí tí ẹnikẹ́ni yóò fi retí iṣẹ́ ilé kíkọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀nà tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ gbà ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ ṣì wúlò fún iṣẹ́ mìíràn: fífẹ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ tí ó ti wà lójú, ṣíṣe àpèjúwe ohun tí nǹkan ń ṣe, àti yíyá ọ̀rọ̀ nígbà tí kò bá sí ọ̀nà mìíràn. Ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó hàn nísàlẹ̀ yìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé èyí àkọ́kọ́ ni ó so èso jù.

Akron

Ìlú kan wà ní ìpínlẹ̀ Ohio ní Amẹ́ríkà tí ìtàn ọ̀rọ̀ yìí kò lè fò dá. Ní Akron, ní nǹkan bí ọdún 1870, ìjọ Mẹ́tọ́díìsì kan kọ́ ilé fún Ilé-ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi rẹ̀. Lewis Miller, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ṣíṣe ẹ̀rọ ìkórè, ni alábòójútó ilé-ẹ̀kọ́ náà. Jacob Snyder wà lára àwọn tí ó ya àwòrán ilé náà. Wọ́n to àwọn yàrá kéékèèké yí gbọ̀ngàn kan ká bí ìlàjì òṣùpá, ní ilẹ̀ àti ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, gbogbo wọn sì kọjú sí orí pèpéle tí alábòójútó ń dúró sí. Ilẹ̀kùn aláká ni ó wà láàárín yàrá kọ̀ọ̀kan àti gbọ̀ngàn. Bí a bá ṣí gbogbo wọn, gbogbo ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ di ìjọ kan, wọ́n á gbàdúrà, wọ́n á kọrin; bí a bá tì wọ́n, olúkúlùkù olùkọ́ á gbájú mọ́ kíláàsì rẹ̀. Nígbà tí àwọn ìjọ tẹ́wọ́ gba ẹ̀kọ́ alájùmọ̀kọ́ ní 1872, tí ó fi di pé ẹ̀kọ́ kan náà ni ọmọdé àti àgbà ń kọ́ ní ọ̀sẹ̀ kan, ilé irú èyí bá ètò náà mu wẹ́kú. Ó tàn káàkiri Amẹ́ríkà títí wọ ọ̀rúndún ogún. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọjọ́ orí pín ẹ̀kọ́. Ohun tí ó mú kí ṣíṣí àti títì náà wúlò kò sí mọ́, àṣà ilé náà sì rọlẹ̀.

(Ọmọbìnrin Miller, Mina, ni Thomas Edison fẹ́ ní 1886, èyí tí ó túmọ̀ sí pé ẹni tí ó ṣe ẹ̀rọ tí ó kọ́kọ́ gba ohùn ènìyàn sílẹ̀ tí ó sì tún un sọ, ní 1877, di àna ẹni tí ó kọ́ni bí a ti ń pín àwùjọ láì wó ilé.)

Ohun tí ilé Akron yanjú ni ti ojú. Ti etí kò yanjú bẹ́ẹ̀, nítorí ilẹ̀kùn pákó tín-ínrín kò ní ìwúwo tí ó lè dá ohùn olùkọ́ dúró, bí ó ti wù kí gbẹ́nàgbẹ́nà rẹ́ ẹ tó. Nínú ìlú kan náà ni wọ́n ti ṣí gbọ̀ngàn E. J. Thomas ní 1973, tí George Izenour bá wọn ṣe ètò rẹ̀. Gbọ̀ngàn náà lè gba nǹkan bí 3,000 ènìyàn, ṣùgbọ́n àjà rẹ̀ ṣeé rẹ̀ sílẹ̀, yóò sì bo àwọn àga òkè mọ́lẹ̀ nígbà tí èrò kò bá pọ̀. Ní Clichy lẹ́bàá Paris, láàárín 1935 àti 1939, Beaudouin, Lods, Prouvé àti Bodiansky ti kọ́ Ilé Àwọn Ará Ìlú, tí ọjà wà nísàlẹ̀ rẹ̀, tí ilẹ̀ òkè rẹ̀, òrùlé rẹ̀ àti ògiri inú rẹ̀ sì ṣeé ṣí nípò. Ohun tí ó ṣe pàtàkì fún àròkọ yìí ni pé láti Akron dé Clichy, mímú ògiri rìn kò fi bẹ́ẹ̀ le. Mímú kí ó dá ìró dúró lẹ́yìn tí ó bá rìn tán ni iṣẹ́ wà.

Gbígbé mì àti dídènà

Bí ìró bá kọlu ògiri, ọ̀nà mẹ́ta ni ó ń pín sí. Apá kan ta padà sínú yàrá tí ó ti wá. Apá kan kú sínú ògiri, ó di ooru díẹ̀. Apá kan la ògiri kọjá. Ọ̀rọ̀ tí a máa lò fún èyí tí ó ta padà ti ń dààmú àwọn olùkọ́ tẹ́lẹ̀. Gbohùngbohùn ni Yorùbá ń pe ohùn tí òkè tàbí igbó dá padà, tí etí sì gbọ́ ní ọ̀tọ̀ sí èyí tí ẹnu sọ. Nínú gbọ̀ngàn, ìtàpadà náà pọ̀, wọ́n sì yára tó bẹ́ẹ̀ tí etí kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ṣe ni ìró kan ṣoṣo kàn ń pẹ́ kí ó tó kú. Kò tọ́ kí a pe èyí náà ní gbohùngbohùn. “Àṣẹ́kù ìró” ni ó bá a mu, nítorí ohun tí ó ṣẹ́ kù lẹ́yìn tí ẹnu ti dákẹ́ ni. “Àkókò àṣẹ́kù” ni a ó sì pe iye ìṣẹ́jú àáyá tí ó fi ń kú.

Wallace Clement Sabine ni ó kọ́kọ́ wọn àkókò yìí bí ó ti yẹ. Ní 1895, yunifásítì Harvard ní kí ó wo ohun tí ó ṣe gbọ̀ngàn ìkọ́ni kan nínú ilé Fogg tí ọ̀rọ̀ olùkọ́ kì í fi í yé ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ó ń fi fèrè ohun èlò dùùrù ṣe orísun ìró, ó ń fi aago ka àkókò, ó ń kó tìmùtìmù àga láti gbọ̀ngàn mìíràn wá ní òru láti fi dán an wò. Ó rí i pé nínú gbọ̀ngàn náà tí ó ṣófo, ìró ń pẹ́ ju ìṣẹ́jú àáyá 5 lọ kí ó tó kú, bẹ́ẹ̀ ẹni tí ń sọ̀rọ̀ á ti sọ ọ̀rọ̀ mẹ́wàá sí i. Òfin tí ó ti inú iṣẹ́ rẹ̀ jáde rọrùn: àkókò àṣẹ́kù jẹ́ 0.161 ní ìlọ́po kúbíìkì mítà gbọ̀ngàn náà, tí a wá fi iye agbára gbígbé ìró mì rẹ̀ pín.

Ohun tí Sabine fi ṣe òṣùwọ̀n gbígbé ìró mì ni ó yẹ kí gbogbo olùkọ́ fi ṣe àpẹẹrẹ. Fèrèsé ṣíṣí ni. Ìró tí ó bá bọ́ sí ojú fèrèsé ṣíṣí kò padà mọ́. Nítorí náà, ní ti ẹni tí ó wà nínú yàrá, kò sí agbérómì tí ó dára tó o. Ṣùgbọ́n ẹ bi ẹni tí ó dúró sí ìta bóyá fèrèsé náà dènà ohunkóhun. Agbérómì tí ó pé jù lọ ni adènà tí ó burú jù lọ.

Láti ara àpẹẹrẹ yìí ni ọ̀rọ̀-ìperí méjì ti jáde. Èkíní ni “agbérómì”, ìyẹn ohun tí ó ń gbé ìró mì: fóòmù, tìmùtìmù, aṣọ títa tí ó nípọn, pákó tí a dá ihò wẹ́wẹ́ sí lára tí a sì fi òwú kún ẹ̀yìn rẹ̀. Èkejì ni “adènà ìró”, ohun tí kì í jẹ́ kí ìró kọjá: ògiri búlọ́ọ̀kù, irin, gíláàsì tí ó nípọn. Wọ́n ti dábàá “adáródúró” fún èkejì nígbà kan rí nínú ìjíròrò irú èyí, ṣùgbọ́n bí a bá pa ìró pọ̀ mọ́ dá, “dáró” ni etí ń gbọ́, ọkàn olùgbọ́ á sì lọ sọ́dọ̀ aláró tí ó ń rẹ aṣọ. Ìdí nìyẹn tí ó fi sàn kí adènà àti ìró dúró ní ọ̀rọ̀ méjì, kí ìpajẹ má baà ba ìtumọ̀ jẹ́.

Kí gbọ̀ngàn kan jẹ́ àpẹẹrẹ. Ó gùn ní mítà 20, ó fẹ̀ ní mítà 10, ó ga ní mítà 4, èyí tí í ṣe kúbíìkì mítà 800. Bí agbára gbígbé ìró mì rẹ̀ bá jẹ́ 100, àkókò àṣẹ́kù rẹ̀ jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 1.29. Bí a bá fi ògiri pín in sí méjì ọgbọọgba, ìdajì kọ̀ọ̀kan ní kúbíìkì mítà 400 àti agbára 50, yóò sì tún jèrè ojú ògiri tuntun tí ó jẹ́ mítà 40 níbùú-lóòró. Bí ojú ògiri náà bá le bí irin, tí ìdá kan nínú mẹ́wàá ìró tí ó kọlù ú ni ó ń gbé mì, agbára ìdajì náà di 54, àkókò náà di 1.19: kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Bí a bá fi agbérómì tí ó ń gbé ìdá méje nínú mẹ́wàá mì bò ó lójú, agbára di 78, àkókò sì di 0.83. Yàrá náà á tuni létí. Ṣùgbọ́n nínú ìṣirò yìí látòkèdélẹ̀, kò sí ohun kan tí ó sọ bóyá a ń gbọ́ àwọn tí ó wà ní ìdajì kejì.

Ìwúwo

Ohun tí ó ń dènà ìró ní pàtàkì ni ìwúwo. Ìró ní láti mi ògiri kí ó tó lè kọjá, ohun tí ó bá wúwo kì í tètè mì. Ní ìlànà, bí a bá sọ ìwúwo ògiri di ìlọ́po méjì, àdínkù ìró tí ó kọjá á fi nǹkan bí dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 6 pọ̀ sí i. Dẹ́síbẹ́ẹ̀lì kì í ṣe ohun tí a ń kà bí owó. Àdínkù 10 túmọ̀ sí pé ìdá kan nínú 10 agbára ìró ni ó kọjá. 20, ìdá kan nínú 100. 30, ìdá kan nínú 1,000. 50, ìdá kan nínú 100,000. Olùkọ́ tí kò bá tẹnu mọ́ èyí níbẹ̀rẹ̀ kò ní rí ẹni tí yóò bá a dé òpin ẹ̀kọ́ náà.

Ògiri tí ó bá fẹ́ dé nǹkan bí 50 sábà máa ń jẹ́ awẹ́ irin méjì tí ó fi àlàfo sílẹ̀ láàárín, tí a ki òwú òkúta sínú àlàfo náà. Bí mítà kan níbùú-lóòró rẹ̀ bá wọ̀n ní kílò 50, ẹ̀yà kan tí ó fẹ̀ ní mítà 1.2 tí ó sì ga ní mítà 4 á wọn kílò 240. Ògiri gbọ̀ngàn àpẹẹrẹ wa lódindi á wọn kílò 2,000. Èyí ni ó mú kí orúkọ tí ó kọ́kọ́ ń wá sí ọkàn, “ògiri alágbèéká”, má ṣeé gbà. Alágbèéká dára fún ohun tí ènìyàn lè gbé káàkiri. Kò sí ẹni tí yóò gbé kílò 240 ká ibì kankan. Sísún ni wọ́n ń sún un, lábẹ́ ojú irin tí a kàn mọ́ òkè, lórí kẹ̀kẹ́ kéékèèké.

“Ògiri aṣeésún” ni ó yẹ kí ó jẹ́. Àwọn onígírámà ti lo ìhun yìí nínú “ọ̀rọ̀-orúkọ aṣeékà”, kò sì sí ẹni tí kò yé. Ó tún fàyè sílẹ̀ fún “ògiri aṣeéká” níbi tí ògiri náà bá jẹ́ èyí tí ń ká bí abẹ̀bẹ̀. Àmì ohùn nìkan ni ó ya aṣeéká sọ́tọ̀ kúrò lára aṣeékà, òun náà ni kò sì ní jẹ́ kí ògiri aṣeésún di ibi tí a ń sùn sí. Nítorí náà ẹni tí ó bá ń tẹ ìwé láìfi àmì sí i kò gbọdọ̀ lò wọ́n.

Fún ẹ̀yà ògiri kọ̀ọ̀kan, “pátákó” kò tó, nítorí pátákó dá dúró. Ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀ tí ó sì yẹ ni “awẹ́”. Awẹ́ obì wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, síbẹ̀ nígbà tí wọ́n wà nínú obì, ara wọn lẹ̀ mọ́ra tó bẹ́ẹ̀ tí èékánná fi ń wá ọ̀nà kí ó tó yà wọ́n. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni etí awẹ́ ògiri: ọ̀kan yọ bí ahọ́n, èkejì jin bí kòtò, ahọ́n wọ inú kòtò, rọ́bà tàbí òòfà sì fà wọ́n mọ́ra.

Ìwúwo yìí ní ẹ̀san tirẹ̀. Nígbà tí ògiri bá tò gbọọrọ, kílò 2,000 pín ká orí mítà 10. Nígbà tí a bá kó àwọn awẹ́ jọ sí kọ̀rọ̀, gbogbo rẹ̀ dá lé mítà kan tàbí méjì bíìmù òkè. Bíìmù tí a kò bá ṣírò fún èyí á tẹ̀, ojú irin á tẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, awẹ́ kò sì ní jókòó bó ti yẹ mọ́. Akọ́lé tí ó bá rò pé òun lè kàn ra ògiri aṣeésún wá fi há gbọ̀ngàn tí ó ti wà tẹ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bi onímọ̀-ẹ̀rọ ohun tí òrùlé lè gbé.

Ihò

Awẹ́ tí ó bá ń rìn kò gbọdọ̀ kan ilẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kò ní rìn. Àlàfo gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ rẹ̀ àti lókè rẹ̀. Níhìn-ín ni ọgbọ́n ògiri náà wà: bí awẹ́ bá ti dé àyè rẹ̀, òṣìṣẹ́ á ki ọwọ́ irin bọ etí rẹ̀, á yí i, ọ̀pá tí ó ní rọ́bà lára á jáde sókè àti sísàlẹ̀, á tẹ àjà àti ilẹ̀ mọ́ra. Awẹ́ ìkẹyìn tún ní apá tí ń yọ síta láti ti ara ògiri ilé.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló máa ń fojú tín-ínrín rọ́bà yìí nítorí pé awẹ́ irin ni owó wà. Ìṣirò sọ ohun mìíràn. Ògiri àpẹẹrẹ náà jẹ́ mítà 40 níbùú-lóòró, àdínkù rẹ̀ sì jẹ́ dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 50. Kí a sọ pé rọ́bà ìsàlẹ̀ kò délẹ̀, tí àlàfo mìlímítà 4 péré wà lábẹ́ ògiri náà láti ìkángun dé ìkángun. Àlàfo náà jẹ́ mítà 0.04 níbùú-lóòró, ìyẹn ìdá kan nínú 1,000 ògiri náà. Gbogbo ìró tí ó bá bọ́ sí i ni ó ń kọjá. Ògiri lódindi ń jẹ́ kí ìdá 1 nínú 100,000 kọjá. Àlàfo nìkan ń jẹ́ kí ìdá 100 nínú 100,000 kọjá. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 101, àdínkù gbogbo ògiri náà sì ti já wálẹ̀ láti 50 sí 30. Owó awẹ́ olówó ńlá ti gba abẹ́ rẹ̀ jáde.

Orúkọ rọ́bà yìí mú ìṣòro wá. Ẹni tí ó bá ń ti ìwé atúmọ̀-èdè ṣiṣẹ́ á kọ “èdìdì”, nítorí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan náà ni wọ́n fi ń pe méjèèjì. Ṣùgbọ́n èdìdì tí Yorùbá mọ̀ ni èdìdì méje ara ìwé inú Ìfihàn àti ti lẹ́tà ọba: àmì tí ó fi hàn pé ẹnìkan kò tíì ṣí i. Kò sí ohun tí ó kan ihò nínú rẹ̀. “Ìdíhò” sọ iṣẹ́ tí rọ́bà náà ń ṣe gan-an, ọmọ iṣẹ́ tí kò ka ìwé kankan á sì mọ ibi tí a fẹ́ kí ó wò.

Bí a bá ti dí gbogbo ihò tí ó wà lára ògiri tán, ìró á wá ọ̀nà mìíràn. Ó lè gba inú àlàfo tí ó wà láàárín àjà àti òrùlé, ó lè gba ihò ẹ̀rọ amúlétutù tí ó so yàrá méjèèjì pọ̀, ó lè gba ìlẹ̀kùn ọ̀dẹ̀dẹ̀. “Ìró ẹ̀bùrú” ni orúkọ tí ó tọ́ sí i. Ìdàbọ̀ tí wọ́n ń ṣe sí èyí ni kí wọ́n kọ́ ògiri tòótọ́, tí kì í sún, sínú òkè àjà lórí ojú irin gan-an, kí ó dé òrùlé. Ẹgbẹ́ ASTM ní Amẹ́ríkà ní ìlànà kan, E557, tí ó dá lórí bí ilé tí a ó fi ògiri aṣeésún sí ṣe yẹ kí ó rí. Ohun tí ó fa irú ìlànà bẹ́ẹ̀ ni pé nọ́ńbà tí ògiri gbà ní yàrá ìdánwò, níbi tí kò sí ẹ̀bùrú kankan, kì í ṣe èyí tí ó máa ń gbà nínú ilé.

Òṣùwọ̀n àti ohùn Yorùbá

Nọ́ńbà kan ṣoṣo ni àwọn tí ń ta ògiri fi ń polówó rẹ̀, èyí tí a lè pè ní “òṣùwọ̀n ìdènà ìró”. Ní Amẹ́ríkà, a ń wọ̀n ọ́n láti Hertz 125 dé 4,000. Òṣùwọ̀n àjọ ISO ń lọ láti 100 dé 3,150. Ohun tí ó bá wà nísàlẹ̀ ìwọ̀nyí kò sí nínú nọ́ńbà náà. Okùn tí ohùn rẹ̀ jinlẹ̀ jù lára gìtá onígbèé ń mì ní nǹkan bí ìgbà 41 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Nítorí náà, ìgbéyàwó méjì lè wà ní ìdajì gbọ̀ngàn méjèèjì, ògiri lè pé 50 lórí ìwé, síbẹ̀ kí àwọn àlejò ìyàwó kan máa jó sí ìlù ìyàwó kejì. Ẹni tí ó ta ògiri kò purọ́. Òṣùwọ̀n ni kò bi í léèrè.

Ọ̀rọ̀ yìí kan èdè Yorùbá jù bí ó ti kan gbọ̀ngàn ìgbéyàwó lọ. Ní ìlànà ìwúwo, bí iye ìgbọ̀n ìró bá di ìlọ́po méjì, àdínkù náà tún ń fi 6 pọ̀ sí i. Láti 125 dé 4,000, ìlọ́po méjì náà ṣẹlẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀màrún, ìyàtọ̀ sì jẹ́ 30. Ògiri gidi kì í tẹ̀ lé ìlànà yìí délẹ̀délẹ̀, ṣùgbọ́n ibi tí ó kọjú sí nìyẹn. Kọ́ńsónáǹtì bíi s, ṣ àti f ń gbé agbára wọn ní ibi tí ìró ti han; ibẹ̀ gan-an ni ògiri ti lágbára. Ohùn tí ó ya ìgbà sọ́tọ̀ lára igba, igbá àti ìgbá wà nísàlẹ̀, ní nǹkan bí 100 sí 150 nínú ọ̀rọ̀ ọkùnrin, ní nǹkan bí 200 nínú ti obìnrin. Ibẹ̀ ni ògiri ti ń rẹ̀. Ohun tí ó ń la ògiri kọjá nínú ọ̀rọ̀ Yorùbá, nígbà náà, ni orin rẹ̀: òkè, àárín, ìsàlẹ̀, láìsí kọ́ńsónáǹtì. Ohun tí dùndún ń sọ náà nìyẹn. Ẹni tí etí rẹ̀ gbọ́ ìlù lè mọ òwe tí wọ́n pa ní yàrá kejì láì gbọ́ fọ́nẹ́mù kan ṣoṣo rẹ̀.

Ìwọ̀n gbígbọ́-yéni tí French àti Steinberg gbé jáde ní 1947, tí ọ̀pọ̀ ìṣirò nípa bíbo àṣírí ọ̀rọ̀ nínú yàrá ti ṣẹ̀ wá, dá lórí èdè Gẹ̀ẹ́sì, kò sì ka ìró tí ó wà nísàlẹ̀ 200 sí rárá. Kò sí ẹ̀sùn nínú èyí. Èdè tí kò fi ohùn ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀ kò ní ohun tí yóò wá níbẹ̀. Ṣùgbọ́n adájọ́, dókítà tàbí alábòójútó ìdánwò tí ó bá ń sọ Yorùbá lẹ́yìn ògiri aṣeésún kò gbọdọ̀ gbà pé òṣùwọ̀n tí ó tó fún Gẹ̀ẹ́sì ti tó fún òun.

Ìdánwò èyí kò gba ẹ̀rọ púpọ̀. Kí ẹnìkan jókòó sí ìdajì kan gbọ̀ngàn, kí ó ka àkójọ ọ̀rọ̀ oníṣílébù méjì ní ohùn tí a fi ń kọ́ni; kí àwọn mẹ́wàá jókòó sí ìdajì kejì pẹ̀lú ìwé. Kí apá kan àkójọ náà jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ohùn wọn bára mu, tí fọ́nẹ́mù wọn sì yàtọ̀, bí ilé, iná, iṣẹ́ àti igbá; kí apá kejì jẹ́ èyí tí fọ́nẹ́mù wọn bára mu, tí ohùn nìkan yà wọ́n, bí ìgbà, igba, igbá àti ìgbá. Kí a dá èsì apá méjèèjì sí ọ̀tọ̀. Kí a tún un ṣe nígbà tí ìdíhò ìsàlẹ̀ bá wà ní títẹ̀ àti nígbà tí a bá gbé e sókè ní mìlímítà 4.